Ọmọ Ọdún Mọ́kànlá, Àkáǹtì Ọgbọ̀n Ọdún

Ní Ìjẹ̀bú, ọjọ́ orí kì í ṣe ohun tí èèyàn lè fi pamọ́ pẹ́ títí. Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ tí o wà ni yóò sọ ọ́. Àwọn tí wọ́n bí láàárín nǹkan bí ọdún mẹ́ta síra wọn ló máa ń wà nínú ẹgbẹ́ kan náà. Ẹgbẹ́ Gbọ́baníyì mọ ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀, ẹgbẹ́ Bọ́bagbìmọ̀ náà mọ tirẹ̀. Láyé Awùjalẹ̀ Ọba Síkírù Adétọ̀nà, tó wàjà ní oṣù Keje ọdún 2025, ni ètò náà tún wá gbilẹ̀ dáadáa, tó fi jẹ́ pé ní Ojúde Ọba, lọ́jọ́ kẹta ọdún Iléyá, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń jó wọlé pẹ̀lú aṣọ tirẹ̀ láti kí Kábíyèsí. Ẹni tó bá ya wọ àárín àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́jọ́ náà, wọn yóò bi í léèrè ọdún tí wọ́n bí i, wọn yóò sì ní kó padà sọ́dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Nínú ìlú tó ka ọjọ́ orí sí tó báyìí ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdírì ní kọ̀ǹpútà. Ohun tí mo sì ń bá pàdé jù lọ nínú fóònù wọn ni ọjọ́ orí irọ́. Ọmọkùnrin JSS 2 tí ohùn rẹ̀ kò tíì ki, TikTok mọ̀ ọ́n sí ẹni ọdún mọ́kànlélógún. Ọmọbìnrin tí ìyá rẹ̀ ṣì ń mú dání sọdá títì, Facebook gbà pé ó ti tó dìbò. Ọ̀pọ̀ òbí tí mo bá sọ ọ́ fún ló ń rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni. Èmi rò pé ibẹ̀ gan-an ni gbogbo wàhálà ààbò ọmọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ti ń bẹ̀rẹ̀ ládùúgbò wa.

Lásìkò ìsinmi gígùn, mo wà ní ṣọ́ọ̀bù fóònù kan lọ́nà Òkè-Àjẹ́ nígbà tí ìyá kan wọlé pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ ọkùnrin. Ọmọ náà ń lọ sí JSS 1, wọ́n sì ti ṣèlérí fóònù fún un. Wọ́n ra tòkunbọ̀ kan tí ojú rẹ̀ ṣì mọ́ dáadáa. Ọ̀gbẹ́ni tó ń ta fóònù ní kí òun bá wọn ṣí ìmèèlì sí i, torí láìsí ìmèèlì, kò sí áàpù tó máa wọlé. Ó tẹ orúkọ ọmọ náà. Ojú ìwé tó kàn béèrè ọjọ́, oṣù àti ọdún tí wọ́n bí i. Ọmọ náà ti la ẹnu láti dáhùn nígbà tí ọ̀gbẹ́ni náà ní, "Mọ́mì, tá a bá fi ọjọ́ orí rẹ̀ gan-an síbẹ̀, kò ní gbà o. Á ní ká mú ìmèèlì tiyín wá."

"Fi èyí tó bá máa gbà sí i jàre, ọjà ń dúró dè mí."

Ó fi ìka fa nọ́ńbà ọdún náà. 2010 kọjá, 2003 kọjá, 1999 kọjá. Ó dúró ní 1995, ó yan ọjọ́ kìíní oṣù kìíní, ó tẹ ibi tí wọ́n kọ Next sí, ó parí. Ọmọ náà dúró tì í, ó ń wo gbogbo rẹ̀. Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tó kọ́ nípa íntánẹ́ẹ̀tì nìyẹn: tí wọ́n bá béèrè ẹni tí o jẹ́, pa irọ́, ilẹ̀kùn á ṣí. Ojú ìyá rẹ̀ ló ti kọ́ ọ.

Mo tọrọ gáfárà, mo sì ní kí wọ́n jẹ́ ká tún un ṣe. Ìyá náà wò mí, ó ní, "Àǹtí, ṣé kò ní pẹ́?" Mo ní kò yẹ kó pẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tá a débi tí wọ́n ti ní kí òbí fi ìmèèlì àti páásíwọọ̀dù tirẹ̀ wọlé, ó hàn pé ìyá náà kò mọ páásíwọọ̀dù náà. Kò mọ̀ ọ́n rí. Ẹni tó ta fóònù fún òun náà lọ́jọ́sí ló bá a ṣí ìmèèlì, orí ẹni náà sì ni páásíwọọ̀dù wà. Gbogbo àwòrán ilé rẹ̀, gbogbo nọ́ńbà tó tò pamọ́, ọwọ́ ẹni tí kò tiẹ̀ rántí ojú rẹ̀ mọ́ ni kọ́kọ́rọ́ wọn wà. Ọpẹ́lọpẹ́ SIM rẹ̀ tí kò tíì sọnù, wọ́n fi nọ́ńbà ìdánimọ̀ ránṣẹ́ sí i, a sì gbà á padà. Ìgbà yẹn la wá ṣí ti ọmọ.

Mo dúró lórí èyí nítorí pé, nígbà tí àwọn èèyàn bá ń sọ̀rọ̀ ààbò ọmọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n máa ń sọ ọ́ bí ẹni pé òbí ti jókòó sórí àkáǹtì tirẹ̀ dáadáa, ọmọ nìkan ló kù. Lọ́dọ̀ wa níbí, ọ̀pọ̀ ìyá àti bàbá ni kò ní àkáǹtì tí wọ́n lè pè ní tiwọn. Ẹni tí kò ní kọ́kọ́rọ́ ilé ara rẹ̀, báwo ló ṣe fẹ́ ti ilẹ̀kùn yàrá ọmọ?

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tí ọjọ́ orí tòótọ́ ń ṣe. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tó ni àwọn ìkànnì yìí kì í ṣe ọ̀rẹ́ wa, owó ni wọ́n ń wá. Ṣùgbọ́n òfin àti ariwo àwọn òbí káàkiri ayé ti mú kí wọ́n fi àwọn ààbò kan sí i, ọjọ́ orí tí ẹ kọ sílẹ̀ ló sì ń tan ààbò wọ̀nyí. TikTok, Instagram àti Facebook, ọdún 13 ni wọ́n ní kí ọmọ pé kó tó wọlé. WhatsApp náà, ọdún 13 ni. Lórí TikTok, ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 kò lè gba ìránṣẹ́ ìkọ̀kọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, àkáǹtì rẹ̀ sì máa wà ní títì láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹni tó bá gbà láyè nìkan ló máa rí fídíò rẹ̀. Ẹni tí kò bá tíì pé ọdún 18 kò lè ṣe "live", ìyẹn fídíò tí àwọn èèyàn ń wò lójú ẹsẹ̀, níbẹ̀ rárá. Instagram náà bẹ̀rẹ̀ ètò àkáǹtì àwọn ọ̀dọ́ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024: àkáǹtì wọn á wà ní títì fúnra rẹ̀, ẹni tí wọn kò bá ní àjọṣe kankan níbẹ̀ kò ní lè kọ ìwé sí wọn, tí ọmọ tí kò tó ọdún 16 bá sì fẹ́ tú ààbò náà, àfi kó gba àṣẹ òbí.

Ọmọ wa tí wọ́n bí ní "1995" kò ní ìkankan nínú ìwọ̀nyí. Gbogbo àgbà tó wà lórí ìkànnì náà ló lè kọ ìwé sí i lóru. Tí òṣìṣẹ́ ìkànnì bá tiẹ̀ wo ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń bá a sọ, àgbà méjì tó ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ ni yóò rí. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. A gbé aṣọ àgbà wọ ọmọ, a sì tì í sínú ọjà.

Ti Google rọrùn jù láti tún ṣe. Tí ẹ bá kọ ọjọ́ orí tòótọ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 13, yóò gbé yín lọ sórí Family Link, áàpù ọ̀fẹ́ tí ẹ máa gbé sórí fóònù tiyín. Láti ibẹ̀ ni ẹ ó ti máa rí áàpù tí ọmọ fẹ́ gbé wọlé kó tó wọlé, ẹ̀yin lẹ máa sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹ lè ní kí fóònù ti ara rẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, kó má sì ṣí títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ìyá ọjọ́ yẹn dúró síbẹ̀, ó fi fóònù ara rẹ̀ ti ti ọmọ rẹ̀ pa, ó tún ṣí i, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Áà! Àṣé mo lè ṣe báyìí?" Ọjà tó ní ó ń dúró de òun, ó gbàgbé rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Àwọn ọmọ kéékèèké ńkọ́, tí kò ní fóònù tiwọn? Fóònù ìyá ni wọ́n ń lò. Ó ti wà bẹ́ẹ̀ tipẹ́, ṣùgbọ́n láti oṣù Kẹta ọdún 2020 tí wọ́n ti ilé-ìwé pa nítorí àrùn Kòrónà, tí tíṣà bẹ̀rẹ̀ sí í fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sórí WhatsApp, ó di ohun tí kò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀. Ọmọ náà gba fóònù láti wo iṣẹ́ àṣetiléwá, iṣẹ́ tán, ó bọ́ sórí YouTube ìyá rẹ̀, níbi tí YouTube ti mọ̀ pé obìnrin ẹni ogójì ọdún ló ń wo òun. Fún ilé tó bá rí báyìí, mi ò ní kí ẹnikẹ́ni lọ ra fóònù kejì. Ẹ gbé YouTube Kids sórí fóònù náà, kí ẹ sì jẹ́ kí ọmọ máa lò ó ní pálọ̀, níbi tí gbogbo ilé wà. Lórí WhatsApp, ẹ wọ Settings, ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń béèrè ẹni tó lè fà yín sínú gúrúùpù, kí ẹ yan àwọn tí nọ́ńbà wọn wà lọ́wọ́ yín nìkan. Inú gúrúùpù tí ẹnikẹ́ni fà yín sí láìbéèrè ni ìdọ̀tí ti sábà máa ń wọ fóònù.

Ẹni tó ń bọ̀ wá bá ọmọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kì í wá pẹ̀lú ojú kíkorò. Ẹni tó bá máa mú ọ̀bọ, á ṣe bí ọ̀bọ. Á lo àwòrán ọmọdébìnrin tó rẹwà, á máa sọ ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù pẹ̀lú ọmọkùnrin yín, á ní òun náà ò gba ti tíṣà Mátíìsì òun. Ó lè jẹ́ inú géèmù bíi Free Fire ni wọ́n ti pàdé. Lẹ́yìn náà, á ní kí wọ́n kúrò níbẹ̀ bọ́ sí WhatsApp. Á fi àwòrán ìhòòhò ránṣẹ́, á ní kí ọmọ náà fi tirẹ̀ ránṣẹ́. Ìṣẹ́jú tí àwòrán yẹn bá kúrò lọ́wọ́ ọmọ ni ohùn á yí padà: "San owó, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, gbogbo ọ̀rẹ́ rẹ ló máa rí i."

Ó dùn mí láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ ibi yìí wà láàárín wa. Ní oṣù Keje ọdún 2024, Meta, ilé-iṣẹ́ tó ni Facebook àti Instagram, kéde pé àwọn ti pa àkáǹtì Instagram tó tó 63,000 rẹ́ ní Nàìjíríà, gbogbo wọn ló ní í ṣe pẹ̀lú irú ìhalẹ̀mọ́ni yìí. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, ilé-ẹjọ́ kan ní Michigan, ní Amẹ́ríkà, rán tẹ̀gbọ́n tàbúrò láti Èkó lọ sẹ́wọ̀n ọdún 17 àti oṣù mẹ́fà ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ní ọdún 2022, wọ́n ti ṣe bí ọmọbìnrin lórí Instagram, wọ́n gba àwòrán lọ́wọ́ ọmọkùnrin ẹni ọdún 17 kan, wọ́n sì ń halẹ̀ mọ́ ọn títí ọmọ náà fi gba ẹ̀mí ara rẹ̀ láàárín wákàtí díẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ṣẹlẹ̀ lóru kan, àwọn òbí rẹ̀ kò sì mọ nǹkan kan.

Ẹ rò ó wò dáadáa. Ọmọ tó kú níbẹ̀ jẹ́ ọmọ ẹnì kan, àwọn tó lọ sẹ́wọ̀n náà jẹ́ ọmọ ẹnì kan. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, ní Ṣágámù, ní Àgọ́-Ìwòyè, gbogbo wa la mọ ọmọ yahoo tó ń fi mọ́tò ńlá kọjá, tí àwọn àgbà sì ń dìde kí. Nígbà tí mo bá ń kọ́ ọmọ ní bí kò ṣe ní bọ́ sọ́wọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀, mo máa ń kọ́ wọn pẹ̀lú pé ẹni tó ń ṣe é, apààyàn ló fẹ́ dà. Mi ò kì í rọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ọmọkùnrin ọdún mẹ́rìnlá tó ń wo ẹni tí ìlú ń yẹ́ sí, ohun tó máa fẹ́ jọ ló ń wò yẹn.

Ilé-ìwé náà ní tiwọn láti gbọ́, èmi náà sì wà lára wọn. Ẹ wo ojú ìwé Facebook ilé-ìwé aládàáni tó wù yín. Ẹ ó rí àwòrán ọjọ́ ìbí: ọmọ wọ yúnífọ́ọ̀mù, báàjì ilé-ìwé hàn ketekete, wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ ní kíkún, wọ́n kọ kíláàsì rẹ̀, wọ́n tún kọ iye ọdún tó pé. Ní ìsàlẹ̀, ìyá ọmọ ti wá dúpẹ́ pẹ̀lú àkáǹtì tirẹ̀. Àjèjì tó bá rí ìwé yẹn ti mọ orúkọ ọmọ, ibi tí yóò wà ní aago méjì ọ̀sán, àti orúkọ ìyá rẹ̀. Kò kù ju kó dé ẹnu géètì kó ní, "Mọ́mì yín ní kí n wá mú yín."

A mọ bí àwòrán ṣe ń rìn. Ojúde Ọba ọdún 2024, àwòrán Farooq Oreagba lórí ẹṣin tàn dé ibi tí ẹnikẹ́ni ò rò láàárín ọjọ́ díẹ̀. Àgbàlagbà ni, ó jáde láti ṣe fáàrí, ó sì yẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà tí àwòrán rẹ̀ gbà lọ ni ti ọmọ yín máa gbà, ẹnikẹ́ni kò sì bi ọmọ náà léèrè.

Òfin ààbò ìsọfúnni tí wọ́n fọwọ́ sí ní Nàìjíríà ní ọdún 2023 ní kí ẹni tó fẹ́ lo ìsọfúnni ọmọdé gba àṣẹ òbí tàbí alágbàtọ́. Ilé-ìwé mélòó ló ń béèrè? Kò le. Kí wọ́n fi ìbéèrè kan kún fọ́ọ̀mù tí òbí ń kọ nígbà tí ọmọ bá ń wọlé: ṣé ẹ gbà kí a gbé àwòrán ọmọ yín síta? Òbí tó bá ní rárá, kí wọ́n bọ̀wọ̀ fún un. Àwòrán tó bá máa jáde, kó jẹ́ ti ọ̀pọ̀ ọmọ papọ̀, kí orúkọ má sí lábẹ́ rẹ̀. Mo mọ̀ pé àwòrán ló ń pe akẹ́kọ̀ọ́ tuntun wá, mo sì mọ bí ọjà ilé-ìwé aládàáni ṣe le. Síbẹ̀, àwòrán yàrá kọ̀ǹpútà àti pápá bọ́ọ̀lù lè polówó ilé-ìwé láìsí pé a kọ ọjọ́ ìbí ọmọ olọ́mọ síta.

Ó tún ku ohun kan tí mo ń bẹ àwọn ilé-ìwé fún, pé kí wọ́n ya Sátidé kan sọ́tọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà, kí òbí mú fóònù tirẹ̀ àti ti ọmọ wá. Kì í ṣe ìpàdé PTA tí a ó ti máa jà lórí owó léṣìnnì o. Kí àwa tíṣà kọ̀ǹpútà jókòó tì wọ́n, kí a bá wọn gba páásíwọọ̀dù wọn padà, kí a tún ọjọ́ orí àwọn ọmọ kọ. Ó ṣeé ṣe. Lórí Google àti Instagram, ẹ lè tún un kọ fúnra yín. Ọmọ tí kò tíì pé 13 tó wà lórí Instagram, àkáǹtì náà máa lọ, ẹ jẹ́ kó lọ. Ọmọ náà máa sunkún, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì. Ó máa kọjá.

Ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ti fi òfin de fóònù pátápátá, wọ́n sì rò pé àwọn ti ṣe tiwọn. Mo fara mọ́ ọn kí fóònù má wọ kíláàsì. Ṣùgbọ́n ilé-ìwé á parí lọ́sàn-án, alẹ́ sì gùn.

Nísinsìnyí, ká ní ó ti ṣẹlẹ̀. Ọmọ yín wá bá yín lóru, ara rẹ̀ ń gbọ̀n, ó ní òun fi àwòrán ránṣẹ́ sí ẹnì kan. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó bá ti ẹnu yín jáde ló máa pinnu gbogbo èyí tó kù. Mo mọ ohun tó ń kọ́kọ́ wá sí wa lẹ́nu. Ilé kan náà ni wọ́n ti tọ́ wa. Ẹ gbé e mì. Ẹ ní, "O ṣeun tí o sọ fún mi. A jọ máa yanjú ẹ̀ ni." Ọmọ tó bá ti gbọ́ ọ lẹ́nu yín ṣáájú, nígbà tí nǹkan kan kò tíì ṣẹlẹ̀, ló máa wá. Èyí tó mọ̀ pé ìgbájú ló ń dúró de òun máa lọ yá owó lọ́wọ́ ọ̀rẹ́, á sì máa san án ní ìkọ̀kọ̀.

Ẹ má san owó kankan. Ẹni tó bá gba ẹgbẹ̀rún márùn-ún lónìí máa béèrè ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá lọ́la. Ẹ ya àwòrán ojú fóònù tó gbé ọ̀rọ̀ ìhalẹ̀ náà, orúkọ àkáǹtì rẹ̀ àti nọ́ńbà báǹkì tó bá fi ránṣẹ́, kí ẹ tó dí i lọ́nà. Ẹ má pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́. Ètò ọ̀fẹ́ kan wà tó ń jẹ́ Take It Down, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tó sọnù ní Amẹ́ríkà ló gbé e kalẹ̀, ó sì ti wà láti ọdún 2023. Inú fóònù yín ni yóò ti fún àwòrán náà ní àmì ìdánimọ̀, àwòrán fúnra rẹ̀ kò ní kúrò lọ́wọ́ yín; àmì náà ni wọ́n á fi ránṣẹ́ sí Facebook, Instagram, TikTok àti Snapchat kí wọ́n lè dá àwòrán náà mọ̀, kí wọ́n sì yọ ọ́. Kò sì béèrè orúkọ ọmọ.

Ẹ̀yin tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, tí irú àwòrán bẹ́ẹ̀ bá dé ọwọ́ yín, ẹ má fi ránṣẹ́ sí gúrúùpù òṣìṣẹ́ "kí gbogbo wa lè mọ̀". Abala 23 nínú òfin ìwà ọ̀daràn orí kọ̀ǹpútà ti ọdún 2015 ka ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 sí ọmọdé, ẹni tó bá sì pín irú àwòrán ọmọdé bẹ́ẹ̀ kiri lè lọ sẹ́wọ̀n ọdún 10. Òfin kan náà ló de ẹni tó ń fi ọ̀rọ̀ dídùn tan ọmọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti lọ bá a pàdé. Ọ̀gá ilé-ìwé àti olùgbaninímọ̀ràn ni kẹ́ ẹ sọ fún, lẹ́nu, láìfi àwòrán ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹ má bá ọmọ sọ ọ̀rọ̀ ìyà, ẹ má sì jẹ́ kó dá sùn. Tí ilẹ̀ bá mọ́, ẹ lọ fi ẹjọ́ sùn ní àgọ́ ọlọ́pàá pẹ̀lú àwòrán ojú fóònù tí ẹ ti yà sílẹ̀, kí ẹ sì ní kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà tó ẹ̀ka ọlọ́pàá tó ń gbógun ti ìwà ọ̀daràn orí kọ̀ǹpútà ní Àbújá létí.